Ọ̀gá Tí Ó Sọ Pé Gbogbo Wọn Ti Jáde

A kò kọ ìwé kékeré yìí fún ọ̀mùtí. Ọ̀mùtí ti ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Àwọn èèyàn rere ti há a sí i lápò títí ó fi ń fi ìwé náà di ẹ̀pà. Ẹni tí a kọ èyí fún kì í mutí. Kì í jalè, ó ń san ìdámẹ́wàá, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń pè síwájú bí wọ́n bá fẹ́ ra jẹnẹrétọ̀ tuntun fún ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá jẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, fara balẹ̀. Ìwọ gan-an là ń wá.

Ìsíkẹ́ẹ̀lì Àyàndá ni orúkọ ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ni ní ibùdó panápaná kan ní Àbújá. Alàgbà sì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní àga tirẹ̀ ní ìlà iwájú, àga tí àlejò kì í jókòó sí lẹ́ẹ̀mejì. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń le gbagidi. Bàtà rẹ̀ dán débi pé èèyàn lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, òun náà sì máa ń wò ó.

Láràárọ̀, kí ó tó pín iṣẹ́ fún àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ní pàréèdì, Ọ̀gá Àyàndá a kọ́kọ́ gbàdúrà. Àdúrà náà gùn. Bí ìpè iná bá dé láàárín rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun sáré ni àbí kí òun dúró ṣe àmín.

Ohun kan ṣoṣo ni kò lè fara dà: kí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ wí fún un pé rárá.

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ọmọbìnrin kan wá sí ibùdó náà, Waliyat lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni. Gàníyátù, ìyá rẹ̀, ń ta aṣọ ọmọdé ní ọjà Wúsè. Waliyat nìkan ni obìnrin tó ń bá ọkọ̀ panápaná jáde níbẹ̀, abẹ́ akoto rẹ̀ ló sì máa ń wé ìbòrí rẹ̀ sí, ó máa ń wé e pinpin kí iná má baà rí etí rẹ̀ mú.

Ọ̀gá Àyàndá sọ ọ́ ní Àlhájà Oníná.

"Àlhájà Oníná, ṣé àdúrà lo fẹ́ fi pa á ni, àbí omi?"

Àwọn ọkùnrin á rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀gá ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Tọ́pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń retí ìgbéga, ló máa ń rẹ́rìn-ín ju ọ̀gá lọ. Waliyat a ki orí bọ akoto rẹ̀, a gun ọkọ̀.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín náà yí àwọ̀ padà. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá sí ọ́fíìsì pé kó wá po tíì, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé nínú gbogbo ibùdó, kò sí ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ lè di ṣíbí mú. Bó bá ti ń po tíì náà, ọwọ́ ọ̀gá a bà lé e léjìká, á sì pẹ́ níbẹ̀. Ó sọ fún un pé òun ń kọ́ ilé kan sí Lokogoma, pé òun ń wá obìnrin tí ojú rẹ̀ mọ àwọ̀ tó dára, tí yóò tẹ̀ lé òun lọ yan ọ̀dà.

Lọ́jọ́ kan, Waliyat gbé ife tíì náà kalẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Iṣẹ́ iná ni mo wá ṣe níbí."

"Ta ló sọ fún ọ pé èyí kì í ṣe iṣẹ́?"

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ó jáde. Ó wọ mọ́tò lọ sí olú iléeṣẹ́, ó sì sọ ohun gbogbo fún ọkùnrin kan tó jókòó níbẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́. Ọkùnrin náà fi sùúrù gbọ́ ọ, ó ń mi orí. Ohun tí Waliyat kò mọ̀ ni pé ọkùnrin yìí àti Àyàndá jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà ni. Kí ó tó dé ibi tí yóò ti wọ mọ́tò padà, fóònù Àyàndá ti ń dún.

"Àyàndá, ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi o. Ó ní o ń fọwọ́ kan òun."

"Èwo nínú wọn?" ni Àyàndá bi í.

"Ìwọ ọkùnrin yìí. Ṣé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí Àyàndá gbé fóònù sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àdúrà pàréèdì gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó dá lórí àwọn tó ń gbógun ti ẹni tí Ọlọ́run gbé ga. Gbogbo wọn ṣe àmín, Waliyat náà ṣe é, kò kúkú mọ̀ pé òun ni àdúrà náà ń bá wí.

Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ kí á ṣàlàyé àṣà kan fún ọ, nítorí ohun tó ń bọ̀ níwájú dá lé e. Panápaná tó bá fẹ́ wọ inú èéfín á gbé agolo afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, á fi ìbòjú bo imú. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, á yọ táàgì rẹ̀, ìyẹn ike pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, á fi kọ́ ara pátákó kan tó wà níta. Bó bá jáde, á mú un kúrò. Táàgì tó bá ṣẹ́kù lára pátákó, ẹni tó ni ín ṣì wà nínú iná nìyẹn. Àti pé méjì méjì ni wọ́n ń wọlé. Ẹnikẹ́ni kì í dá wọlé.

Ọ̀gá Àyàndá ní kí Waliyat mú táàgì rẹ̀ wá. Ó jù ú sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, láàárín súìtì tó ti yọ́ àti káàdì ìgbéyàwó àwọn ọmọ ìjọ, ó sì ti dúrọ́ọ̀ náà pa.

"Láti òní lọ, o kò bá ọkọ̀ jáde mọ́. Ìgbálẹ̀ wà lẹ́yìn ilé."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó lè gun àkàbà dé òrùlé alájà mẹ́rin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin. Èyí nìkan kò tó ọ̀gá. Ó pe àwọn yòókù jọ, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá ń kí ọmọbìnrin náà, òun á mọ̀ pé ọ̀tá òun ni. Ìkòkò kan ṣoṣo ni àwọn panápaná yìí máa ń sè bí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bu oúnjẹ. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ àwo Waliyat kúrò níbẹ̀.

Ìwọ tó o jẹ́ ọmọ Yorùbá, o mọ ohun tó túmọ̀ sí kí èèyàn jí láàárọ̀, kó dé àárín èèyàn, kó kúnlẹ̀ kí wọn, kí ẹnikẹ́ni má dá a lóhùn. Òkú nìkan ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀gá Àyàndá ti sin ọmọbìnrin náà, ó kàn kù kó kú ni.

Gafar nìkan, ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ panápaná tó sì ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fa omi, ló máa ń sọ "sànnu" lábẹ́ ètè bó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi pé òfin ọ̀gá kò kan Haúsá.

"Yauwa," ni Waliyat á dáhùn, láìgbé orí sókè kúrò níbi tó ti ń gbálẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Ọ̀gá Àyàndá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń kọrin, ó ń pa ojú dé bó bá ń kọrin, ó sì máa ń la ọ̀kan díẹ̀ láti wo ẹni tó ń wo òun. Bí o bá bi í léèrè nígbà yẹn bóyá ó ti rí ìgbàlà, á bínú sí ọ.

Ọyẹ́ dé. Gbogbo ewéko Àbújá gbẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ eruku pupa káàkiri, ìpè iná sì ń wọlé lemọ́lemọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n pè láti Jabi pé ilé ìtajà alájà mẹ́ta kan ń jó. Àwọn tó ń ta bẹ́ẹ̀dì fóòmù ló wà nísàlẹ̀ ilé náà, èéfín tí fóòmù sì máa ń rú bó bá gbaná, ọmọ aráyé kò gbọ́dọ̀ fà á símú.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò pé lọ́jọ́ náà. Àwọn kan wà ní ìsinmi, àwọn mìíràn ti bá ọkọ̀ kejì lọ síbi iná tó ń jó igbó. Ọ̀gá Àyàndá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó rí Waliyat pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìwọ náà, gun ọkọ̀."

"Táàgì mi ńkọ́, sà?"

"Ṣé táàgì ló ń paná ni?"

Ó gun ọkọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé Jabi, èéfín dúdú ti bo ọ̀run. Èrò ti pé, olúkúlùkù gbé fóònù sókè. Àwọn panápaná fi táàgì wọn kọ́ ara pátákó, wọ́n wọlé láti iwájú ní méjì méjì. Tọ́pẹ́ ló dúró ti pátákó. Gafar wà nídìí ẹ̀rọ omi rẹ̀. Nígbà náà ni ẹnìkan kígbe láàárín èrò pé àwọn télọ̀ ṣì wà lókè, pé àtẹ̀gùn kan wà lẹ́yìn ilé.

Ọ̀gá Àyàndá fi ọwọ́ pe Waliyat. Àwọn méjì péré ló yípo lọ sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn náà ṣí sílẹ̀, èéfín ń yọ́ jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò kánjú.

"Ọ̀gá, ta ló máa bá mi wọlé?"

"Ta ló fẹ́ bá ọ wọlé?" ni Àyàndá dáhùn. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo lọ sọ ní olú iléeṣẹ́ pé o mọ iṣẹ́? Máa lọ."

Waliyat wò ó. Ó fa ìbòjú rẹ̀ sílẹ̀. Ó wọlé.

Àyàndá padà síwájú ilé. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tó ń lọ eyín lójú oorun. Gbogbo panápaná ló mọ ohùn yẹn. Ọ̀gá fọn fèrè pé kí gbogbo èèyàn jáde, wọ́n sì ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń yọ táàgì wọn. Tọ́pẹ́ wo pátákó tí kò sí ohunkóhun lára rẹ̀ mọ́.

"Pátákó ti ṣófo, ọ̀gá. Gbogbo wa ti jáde."

Fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, ìwọ òǹkàwé, nítorí ibí ni ọkàn ọkùnrin náà ti hàn. Ó mọ̀. Nínú gbogbo èèyàn tó wà ní Jabi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òun nìkan ló mọ̀. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Ohun kan sì fúyẹ́ ní àyà rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìtura ni. Ó rí i pé bí òun bá dákẹ́ díẹ̀ sí i, díẹ̀ péré, kò ní sí ẹni tí yóò tún wọ mọ́tò lọ sí olú iléeṣẹ́ mọ́ láé.

Ó kọjú sí àwọn tó gbé fóònù sókè, ó tún akoto rẹ̀ ṣe lórí, ó ní, "Ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Gbogbo wọn ti jáde."

Gafar pè é láti ìdí ẹ̀rọ. "Ọ̀gá, Waliyat ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ilé."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀yìn ilé bọ̀ sà, níbi tí mo ti lọ tú páìpù."

"Gafar, dojú kọ iṣẹ́ rẹ."

Gafar wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó rí níbẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Ó fi ẹ̀rọ lé Tọ́pẹ́ lọ́wọ́, ó já ìbòjú àti agolo gbà lára ẹni tó sún mọ́ ọn, ó sì sáré yípo ilé náà.

Orí àtẹ̀gùn ló ti rí i. Waliyat ti ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ògiri tó fi ń wá ọ̀nà, afẹ́fẹ́ inú agolo rẹ̀ ti tán. Gafar wọ́ ọ jáde. Bí wọ́n ti kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ni òrùlé wó.

Kò sí télọ̀ kankan lókè. Wọ́n ti jáde tipẹ́, ọ̀kan nínú wọn ló ń fi fóònù ya iná náà.

Bí o bá rò pé ilẹ̀ ya gbé Àyàndá mì lọ́jọ́ yẹn, o kò tíì mọ bí ayé ti rí. Oríyìn ni wọ́n fún un. Fídíò rẹ̀ tàn kálẹ̀, níbi tó ti ń sọ pé ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Ọmọ ìlú rẹ̀ ní olú iléeṣẹ́ pè é, ó ní wọ́n ń ronú láti fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pè é síwájú, ìjọ dìde dúró, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó sọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ kan tó ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé.

Gafar kò sọ ohunkóhun. Ó ti rí ọ̀nà tí ẹjọ́ Waliyat gbà lọ. Láràárọ̀ ó ń wí pé, "Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ sà," gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń wí i, ohùn rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń ba Àyàndá lẹ́rù. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, á kọ́kọ́ dìde dúró kó tó dáhùn. Bí fóònù bá dún nígbà oúnjẹ, á dá òkèlè padà sínú àwo, ìyàwó rẹ̀ á sì máa wò ó. Kò sẹ́ni tó fi ẹ̀sùn kàn án. Ó wá dà bíi pé gbogbo ayé ti gbọ́, wọ́n kàn ń dúró de òun ni.

Waliyat wà ní ilé ìwòsàn. Èéfín ti jó o lọ́nà ọ̀fun, wọ́n ti ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́nu tó fi ń mí, kò lè sọ̀rọ̀. Dókítà ní bó bá yè, ohùn rẹ̀ á padà. Ọ̀rọ̀ yìí, "bó bá yè," Àyàndá kò lè gbé e kúrò lọ́kàn.

Ó ra ọsàn àti ápù, ó lọ kí i. Ìyá Waliyat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó ti rí yunifọ́ọ̀mù náà, ó dìde, ó sì kúnlẹ̀, àgbà obìnrin tó ju Àyàndá lọ.

"Ẹ ṣeun o, ọ̀gá. Ẹ ṣeun tí ẹ gbé ọmọ mi jáde. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Bí ẹ bá ti ṣe sí ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n ṣe sí tiyín."

"Ẹ dìde, Ìyá," ni Àyàndá wí. "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Àdúrà náà ti wọ inú rẹ̀ bí omi tútù, nítorí ó ní ọmọbìnrin méjì nílé.

Obìnrin náà jáde lọ wá ṣíbí. Àyàndá ṣẹ́kù pẹ̀lú ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pí, pí. Waliyat la ojú. Ó mọ ẹni tó dúró síbẹ̀. Kò lè wí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

Àyàndá pa ojú dé. Alàgbà ni, ètè rẹ̀ ti mọ àdúrà, àdúrà sì wá sí i lẹ́nu fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó ti máa ń gbà á ní pàréèdì. "Olúwa, jẹ́ kó sinmi. Jẹ́ kó sùn, Olúwa. Má jẹ̀ẹ́ kó jí mọ́."

Ó gbọ́ ọ. Etí ara rẹ̀ ló fi gbọ́ ọ.

Ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kan ilẹ̀kùn. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ti rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí àwọn kan ń ṣe lẹ́yìn ògiri ilé ọtí. Ó ti rò pé ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ láràárọ̀ kò lè jìnnà sí I. Ó wá rí ohun tó ń bá Ọlọ́run sọ. Ó rí apànìyàn kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù tó le gbagidi, tó gbé àpò ọsàn lọ́wọ́.

Kò mọ bó ṣe wa mọ́tò rẹ̀. Nígbà tó máa fi mọ ibi tó wà, ó ti dé Apo, ní abúlé àwọn mẹkáníìkì, níwájú ṣọ́ọ̀bù Adéyẹmọ. Òun àti Adéyẹmọ jọ wọ iṣẹ́ panápaná lọ́jọ́ kan náà, kí Adéyẹmọ tó fi í sílẹ̀ tó wá ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Onígbàgbọ́ ni Adéyẹmọ, irú èyí tí Àyàndá máa ń yẹra fún, nítorí pé kì í jẹ́ kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó béèrè ìbéèrè.

"Ìsíkẹ́ẹ̀lì, gbajúmọ̀ orí fóònù. Kí ló ṣe mọ́tò ẹ? Mi ò gbọ́ ariwo kankan."

"Mọ́tò kò ṣe nǹkan kan."

Adéyẹmọ wo ojú rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára àkísà, ó ní kí àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ lọ jẹun.

Àyàndá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọyẹ́, ó sọ ti òṣìṣẹ́ tí kò pé, ó sọ ti fóòmù àti bí èéfín rẹ̀ ti burú tó.

"Dúró," ni Adéyẹmọ wí. "Ò ń ṣe àlàyé iná fún mi. Iná yẹn ti kú. Sọ ti ọmọ náà."

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti ọwọ́ léjìká, ti fóònù ọmọ ìlú rẹ̀, ti àwo oúnjẹ, ti ẹ̀yìn ilé. Nígbà tó dórí àdúrà ilé ìwòsàn, abẹ́ ètè ló ti sọ ọ́, ó ní láti tún un sọ.

Adéyẹmọ fa àpótí kan sún mọ́ ọn, ó jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kí lo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún ọ? Ṣé kó dárí jì ọ́ ni, àbí kó bá ọ bò ó mọ́lẹ̀?"

Àyàndá ń wo àkísà tó wà lọ́wọ́ Adéyẹmọ.

"Torí bó bá jẹ́ bíbò mọ́lẹ̀ ni, ìwọ fúnra rẹ mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọlọ́run kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, Ìsíkẹ́ẹ̀lì. Kò ní pè ọ́ lórí fóònù pé kó o lọ tún ilé rẹ ṣe kí àlejò tó dé."

"Ṣé irú mi lè rí ìdáríjì?"

"Irú rẹ ni Jésù kú fún. Bó bá jẹ́ alàgbà tó mọ́ tónítóní ló ń wá ni, ì bá ti jókòó sọ́run Rẹ̀. Gbogbo ohun tó o ti ń sọ yìí, Ó ti rí i kó o tó sọ ọ́, Ó sì fi ara Rẹ̀ rù ú lórí igi. Ṣùgbọ́n kò lè gba ẹrù tó o bá ṣì dì mọ́ra. Tú u sílẹ̀."

"Bí mo bá sọ ọ́ fún wọn, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

"Ó ṣeé ṣe."

"Bóyá wọ́n á tì mí mọ́lé."

"Ìyẹn náà ṣeé ṣe. Mi ò ní parọ́ fún ọ."

Àyàndá wò káàkiri ibi tí òun lè kúnlẹ̀ sí. Òróró dúdú ni gbogbo ilẹ̀ náà. Ó wo ṣòkòtò rẹ̀, ó tún wo ilẹ̀. Irú ẹni tó ti jẹ́ nìyẹn, kò sì tíì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú òróró. Àdúrà rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò gùn. "Jésù, èmi ni. Èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi." Ó sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú èéfín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò gbàdúrà ní pàréèdì. Ó dúró níwájú wọn, ó sì sọ ohun tó ṣe, láti orí tíì títí dé orí àtẹ̀gùn. Tọ́pẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó ti mọ́ ọn lára, ó wá pa ẹnu dé. Gafar bojú wolẹ̀. Àyàndá lọ sí olú iléeṣẹ́, ó kọjá lára ọmọ ìlú rẹ̀, ó lọ bá ọ̀gá àgbà. Ọmọ ìlú rẹ̀ sáré bá a nínú ọgbà.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ló bi ọ́ léèrè?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni," ni Àyàndá wí. "Ìyẹn ló burú níbẹ̀."

Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n pe ọlọ́pàá, ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù bí a ti ń kọ ìwé yìí. Ilé Lokogoma kò rí òrùlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹlòmíràn ló wà lórí àga rẹ̀, Àyàndá sì ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tó ti wá ń gbọ́ ìwàásù fún ìgbà àkọ́kọ́.

Waliyat yè. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, ó há, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀. Àyàndá ní kí wọ́n bi í bóyá òun lè wá, ó ní kó wá. Àyàndá kúnlẹ̀ níwájú Waliyat àti ìyá rẹ̀, ó sì sọ ohun gbogbo. Ìyá náà kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń sunkún.

Waliyat sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mo gbọ́ fèrè. Mo mọ̀ pé ẹ ti pe gbogbo èèyàn jáde. Mo wá ń retí kí ẹ pe orúkọ mi."

Àyàndá fi orí kanlẹ̀.

"Ọlọ́run yín lè ti dárí jì yín," ni ọmọbìnrin náà wí. "Èmi ò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ dìde, ẹ máa lọ."

Ó dìde, ó lọ. Àwọn kan á sọ pé ìtàn yìí ì bá dùn jù bẹ́ẹ̀ bó bá ti dárí jì í. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a kò jẹ́ sọ fún ọ pé ìrònúpìwàdà máa ń dá ohun gbogbo padà. Ó gba ọkàn Àyàndá là lọ́wọ́ ikú. Kò fún Waliyat ní ohùn mìíràn.

Ìwọ tó o ka ìwé yìí dé ibí, ó ṣeé ṣe kó o ti máa ronú kan ọ̀gá kan tó o mọ̀, tí ìwé yìí bá mu. Fi ọ̀gá yẹn sílẹ̀. Ta ló wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ? Ọmọ ọ̀dọ̀ ni, àbí akọ̀wé, àbí ìyàwó àbúrò rẹ? Ta lo ti ní kí wọ́n má kí mọ́, nítorí pé ó wí fún ọ pé rárá? Ta ni inú rẹ máa ń dùn bó o bá gbọ́ pé nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí i? Má dá wa lóhùn. Ọlọ́run ló ń bi ọ́.

Má wí pé ó di ọjọ́ Ìsinmi. Má wí pé ìwọ kò tíì ṣe tó ti Àyàndá. Òun náà kò tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ kì í sọ ibi tó ń gbé èèyàn lọ. Jésù tó gba ẹni tó kúnlẹ̀ ní Apo wà lọ́dọ̀ rẹ níbi tó o jókòó sí yìí, kò sì ní kó o kọ́kọ́ di èèyàn dáadáa kó tó gbà ọ́. Bá A sọ̀rọ̀ báyìí, kó o tó pa ìwé yìí dé. Sọ ohun tó o ṣe fún Un ní orúkọ tó ń jẹ́ gan-an.

Bó o bá ti wí i tán, dìde. Ẹni tó o ṣẹ̀ ṣì wà láyé lónìí. Lọ bá a nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn.